Orúkọ Àjàyí: Bí A Ti Ń Rí I, Ohun Tí Ó Túmọ̀ Sí, àti Ìdí Tí Ó Fi Di Ọ̀wọ́n

Òwe àwọn baba wa kan wí pé, ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òtítọ́ ni òwe yìí, bí ó bá ṣe ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ orúkọ ni. Ẹni tí inú ilé rẹ̀ dùn a sọ ọmọ rẹ̀ ní Ayọ̀délé. Ìdílé ọba a máa fi Adé ṣáájú orúkọ, ìdílé ọdẹ a máa fi Ọdẹ ṣáájú. Ẹni tí ó ti sọkún púpọ̀ kí ó tó rí ọmọ gbé jó a sì sọ ọ́ ní Rẹ̀mílẹ́kún. Ṣùgbọ́n àwọn orúkọ kan wà tí òwe yìí kò mú rárá. A kì í wo ilé kí a tó fi wọ́n pe ọmọ. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni a ń wò. Ọ̀kan nínú wọn ni Àjàyí, òun ni a sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nínú ìwé yìí.

Bóyá ẹnìkan nínú àwọn òǹkàwé wa yóò béèrè pé, kí ni a tún ní í sọ nípa orúkọ tí tọmọdé tàgbà mọ̀? Ó ṣòro láti rí ìjọ tí kò ní Àjàyí, ó sì ṣòro láti rí ilé ẹ̀kọ́ tí a kì í pè é nígbà tí a bá ń ka orúkọ àwọn ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ tí ń ka orúkọ náà kíyèsí ibi tí ó wà nínú ìwé rẹ̀. Yóò rí i pé orúkọ bàbá ni, tàbí ti bàbá bàbá. Bí ó bá wá ọmọ tí a ń pè ní Àjàyí nínú ilé, nítorí pé òun gan-an ni ó wáyé ní Àjàyí, yóò wá títí kí ó tó rí ẹyọ kan. Orúkọ tí ó pọ̀ tó báyìí ní orúkọ ìdílé ti di ọ̀wọ́n ní orúkọ ọmọ. Bí ọ̀rọ̀ náà ti ṣe rí bẹ́ẹ̀, àti ohun tí yóò bọ́ lọ́wọ́ wa bí a kò bá kíyèsára, ni a fẹ́ là yé ara wa.

Irú orúkọ tí Àjàyí jẹ́

Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ wa ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ńlá tí ó kọ lórí ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897. A kò tẹ ìwé náà jáde títí di 1921, lẹ́yìn tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ti tún un kọ nítorí pé ìwé àkọ́kọ́ sọnù lọ́wọ́ àwọn tí a fi í rán. Nínú ìwé náà ni ó ti pín orúkọ Yorùbá sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkínní ni àmútọ̀runwá, èyíinì ni orúkọ tí ọmọ gbé wá sí ayé nípa bí ìbí rẹ̀ ti rí. Èkejì ni àbísọ, èyí tí àwọn òbí àti ẹbí ń fún ọmọ gẹ́gẹ́ bí ipò wọn, ìrètí wọn, tàbí ìsìn wọn. Ẹ̀kẹta ni oríkì, orúkọ ìkẹ́ àti ìwúrí, bí Àjàní àti Àkànní fún ọkùnrin, Àbẹ̀ní àti Àṣàkẹ́ fún obìnrin.

Àwọn àmútọ̀runwá kò pọ̀, a sì mọ àmì ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìbejì ni Táíwò àti Kẹ́hìndé, ẹni tí ó tẹ̀lé wọn ni Ìdòwú. Ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ṣáájú ni Ìgè. Ọkùnrin tí ìwọ́ kọ́ lọ́rùn ni Òjó, obìnrin tí ó wá bẹ́ẹ̀ ni Àìná. Ẹni tí irun orí rẹ̀ ta kókó láti inú wá ni Dàda. Ẹni tí a bí nínú àpò tí kò ya ni Ọ̀kẹ́. Ẹni tí ìka rẹ̀ lé ni Olúgbódi. Ẹni tí ìyá rẹ̀ lóyún rẹ̀ láìṣe pé ó tún rí nǹkan oṣù rẹ̀ ni Ìlọ̀rí. Ẹni tí ó sì dojú bolẹ̀ wáyé ni Àjàyí. A lè fi í pe ọkùnrin, a lè fi í pe obìnrin, ṣùgbọ́n lára ọkùnrin ni a ti ń gbọ́ ọ jù.

Níhìn-ín ni ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ìyàtọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò. Orúkọ àbísọ jẹ́ gbólóhùn ọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ Yorùbá lè tú Ayọ̀délé tàbí Olúwaṣeun, kí ó sì mọ ohun tí àwọn òbí ní lọ́kàn. Àjàyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ń já a sí wẹ́wẹ́ láti wá ìtumọ̀ rẹ̀ ń wá a ní ibi tí kò sí. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀, nínú ìṣẹ̀lẹ̀ ni ó wà. Ó dàbí àmì tí a fi sí ara igi ní ojú ọ̀nà oko: igi náà kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ àmì náà mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Láti inú èyí ni òfin mẹ́ta ti jáde, tí àwọn baba wa pa mọ́ láìkọ ọ́ sínú ìwé. Òfin èkínní ni pé ẹnikẹ́ni kò lè yan Àjàyí fún ọmọ rẹ̀. Ọmọ ọba tí ó bá wá bẹ́ẹ̀, Àjàyí ni. Ọmọ ìwọ̀fà tí ó bá wá bẹ́ẹ̀, Àjàyí ni. Bí ọmọ kò bá sì wá bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ tí bàbá ní sí orúkọ náà kò lè sọ ọ́ di tirẹ̀. Òfin èkejì ni pé orúkọ yìí kì í dúró de ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ní ayé àtijọ́, gẹ́gẹ́ bí Johnson ti kọ ọ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni a ń sọ ọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje fún obìnrin, ọjọ́ kẹjọ fún ìbejì. Ní òde òní ọjọ́ kẹjọ ni gbogbo wa ń lò. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó pé, àwọn obìnrin ilé ti ń pe ọmọ ní Àjàyí, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ni ó mú un dé. Òfin kẹta ni pé ẹ̀rí gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tí kò sí níbi ìbí náà kò lè sọ orúkọ náà; bàbá tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ a dúró de ohun tí àwọn obìnrin yóò jáde wá wí.

Ìkúnlẹ̀ abiyamọ

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ lóye Àjàyí ní láti mọ bí àwọn ìyá wa ti ń bímọ. A máa ń fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ bẹ ara wa, a sì máa ń gbàdúrà nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí ń sọ ọ́ kò ronú mọ́ pé ìkúnlẹ̀ gan-an ni. Abiyamọ a kúnlẹ̀, a tẹ̀ síwájú, a fi ọwọ́ di nǹkan mú, agbẹ̀bí a sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ láti gba ọmọ.

Àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn mọ̀ pé, nínú ìbí tí ó wọ́pọ̀, orí ni ọmọ fi ń jáde, ojú rẹ̀ a sì kọ sí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Bí ìyá bá kúnlẹ̀ tí ó sì tẹ̀ síwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó wà lókè, ikùn rẹ̀ ni ó wà nísàlẹ̀. Ojú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò wo òkè. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ díẹ̀ wà, bí 5 nínú 100, tí ojú wọn kọ sí ikùn ìyá títí wọ́n fi jáde. Lábẹ́ ìyá tí ó kúnlẹ̀, àwọn wọ̀nyí ni yóò dojú kọ ilẹ̀. Ìrọbí irú wọn a sì máa pẹ́ ju ti àwọn mìíràn lọ, a sì máa mú ìyá ní ẹ̀yìn gidigidi. Bí a bá fi ìkúnlẹ̀ ka ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, a gbàgbọ́ pé àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní Àjàyí. Àmì náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ asán tí àwọn arúgbó rò ní ọkàn wọn. Ohun tí ojú agbẹ̀bí rí, tí ara ìyá sì mọ̀, ni.

Kí òǹkàwé wa wá rò ó wò: bí a bá mú abiyamọ kúrò lórí eékún rẹ̀, tí a sì dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀yìn rẹ̀ lórí ibùsùn, ohun gbogbo dorí kodò. Ọmọ tí ó wọ́pọ̀, tí ojú rẹ̀ kọ sí ẹ̀yìn ìyá, ni ojú rẹ̀ yóò kọ sí ibùsùn nígbà tí orí rẹ̀ bá yọ. Ẹni tí ó bá fi ojú ibùsùn ṣe ìdájọ́ yóò sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ní Àjàyí, yóò sì fi èyí tí í ṣe Àjàyí ní tòótọ́ sílẹ̀. Nípa báyìí, àmì tí ó hàn kedere sí àwọn ìyá àgbà di ohun tí ó fara sin. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ tí a fi abẹ gbé jáde, kò dojú kọ ilẹ̀, kò sì kọ sí òkè.

Èyí ni ó fi hàn wá ìdí tí àwọn àmútọ̀runwá kan kò fi di ọ̀wọ́n bí Àjàyí ti di ọ̀wọ́n. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wọ ilé ń rí ìbejì, nítorí náà Táíwò àti Kẹ́hìndé wà títí di òní, Ìdòwú sì ń tẹ̀lé wọn. Irun Dàda wà lórí rẹ̀ fún gbogbo ayé láti rí. Ṣùgbọ́n àmì Àjàyí, àti ti Ìgè, ti Òjó, àti ti Àìná, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni ó fi wà. Bí ẹni tí ó rí i kò bá sọ ọ́, ó ti lọ nìyẹn.

Àjàyí méjì nínú ìtàn wa

Àwọn àgbà a máa wí pé orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ, wọ́n sì gbà pé Àjàyí a máa le lórí, kì í sì í gbọ́ràn bọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkùnrin méjì tí ó jẹ́ orúkọ náà ní ọ̀rúndún kan náà dán ọ̀rọ̀ yìí wò.

Èkínní ni Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n, Balógun Ìbàdàn. Òun ni ó ṣáájú ogun Ìbàdàn lọ sí Ìkìrun ní 1878, níbi tí wọ́n ti ṣẹ́gun àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìlọrin nínú ìjà tí a ń pè ní Jálumi. Ológun ni láti òkè dé ilẹ̀.

Èkejì ni ẹni tí gbogbo ìjọ wa mọ̀. A bí i ní Òṣogùn ní nǹkan bí 1809. Ní 1821 ogun kó ìlú wọn, a sì mú òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn ará ilé rẹ̀ lẹ́rú. Láti ọwọ́ olówò kan dé ọwọ́ èkejì ni a tà á títí ó fi dé Èkó, a sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní ọjọ́ 7 oṣù April, 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní Myrmidon gba ọkọ̀ náà, a sì kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé, níbẹ̀ ni a sì ti rì í bọmi ní ọjọ́ 11 oṣù December, 1825, ní orúkọ Samuel Crowther, èyí tí í ṣe orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. A fi í jẹ oyè àlùfáà ní 1843, a sì yà á sí mímọ́ ní Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù June, 1864. Ó sùn nínú Olúwa ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù December, 1891. Onísùúrù ni, ọ̀mọ̀wé ni, ẹni tí ó fara da ẹ̀gàn ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ láìṣe ìjà.

Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì jẹ́. Ọ̀kan fi idà ṣiṣẹ́, èkejì fi ìwé ṣiṣẹ́. Nítorí náà a kò lè gbà pé bí ojú ọmọ ti kọ ní wákàtí ìbí rẹ̀ ni ó ń pinnu ìwà rẹ̀. Orúkọ náà ń sọ bí ó ti dé. Kò sọ ohun tí yóò dà. Ó tọ́ kí àwọn òbí mọ èyí, kí ẹ̀rù orúkọ náà má ṣe bà wọ́n.

Bí Àjàyí ti kúrò níwájú

Ìtàn orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù wa náà kọ́ wa ní nǹkan mìíràn. Nígbà tí ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kọ́kọ́ ṣe jáde ní 1843, Samuel Crowther nìkan ni ó wà ní ojú ìwé náà. Ní 1888, nígbà tí ó ṣì wà láàyè, Jesse Page kọ ìtàn ayé rẹ̀. Samuel Crowther náà ni ó fi pè é lórí ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí òǹkọ̀wé kan náà tún ìtàn náà kọ ní 1908, Samuel Adjai Crowther ni ó fi sí i. Ìkọ̀wé ayé àtijọ́ ni Adjai yìí, kí ìpàdé tí a ṣe ní Èkó ní 1875 lórí bí a óò ti máa kọ Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní 2005, nígbà tí ìjọ wa dá ilé ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́, Ajayi Crowther University ni a pè é: Àjàyí ti wá ṣáájú, Samuel kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Ní 2014, nígbà tí a ṣe ìsìn ìrántí 150 ọdún ìyàsímímọ́ rẹ̀ ní Canterbury, Samuel Ajayi Crowther ni a fi ń pè é. Ó gba orúkọ náà ọdún púpọ̀ kí ó tó padà sí ipò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò jẹ́ Àjàyí. Crowther ni wọ́n jẹ́. Èyí sì tọ́ ní ọ̀nà kan, nítorí pé bí bàbá ti wáyé kì í ṣe ohun ìjogún. Ìdílé àwọn ẹlòmíràn ni ọ̀rọ̀ náà ti gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, olùkọ́ a bi ọmọ pé, kí ni orúkọ rẹ? Ọmọ a dáhùn. A tún bi í pé, ta ni bàbá rẹ? Bí ó bá ní Àjàyí ni, a kọ ọ́ tẹ̀lé orúkọ ọmọ náà. Akọ̀wé ilé ẹjọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, akọ̀wé owó orí ṣe bẹ́ẹ̀, àwa àlùfáà náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìrìbọmi. Ọmọ tí a kọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ dàgbà, ó gbéyàwó, ó sì kọ àwọn ọmọ tirẹ̀ ní Àjàyí pẹ̀lú. Nípa báyìí, láàrin ìran méjì, ohun tí a fi mọ ìbí ẹnìkan di ohun tí a fi mọ ìdílé.

Láti ìgbà náà ni orúkọ ìdílé yìí ti rin ìrìn àjò. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Ade Ajayi, ọmọ Ìkọ̀lé Èkìtì, tí a bí ní 1929 tí ó sì kú ní 2014, gbé e dé ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn tí ń ka ìtàn ilẹ̀ Áfíríkà. Ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ àwọn míṣọ́nnárì ní ilẹ̀ wa láti 1841 dé 1891 parí ní ọdún tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther kú gan-an. Àwọn tí ń wo eré bọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà mọ Jay Ajayi, tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1993. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìrìn àjò yìí, orúkọ náà kò sọ nǹkan kan mọ́ nípa bí ẹni tí ń jẹ́ ẹ ti wáyé. Obìnrin lè jẹ́ Àìná nípa ìbí, kí ó sì jẹ́ Àjàyí nínú ìwé. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ kì yóò mọ èwo ni tirẹ̀.

Ohun kan wà nínú èyí tí ó yẹ kí ó dun wá. Àjàyí jẹ́ ẹ̀rí ìrọbí ìyá. Nínú gbogbo orúkọ tí ọmọ ń jẹ́, èyí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ni ó ti ọ̀dọ̀ ìyá àti àwọn obìnrin tí ó dúró tì í wá, tí bàbá kò sì ní ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Òun náà ni ó wá di orúkọ bàbá lónìí. Nígbà tí Crowther tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní oṣù August, 1846, lẹ́yìn ọdún 25 tí ogun ti yà wọ́n, Àjàyí ni ọmọ tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Samuel jẹ́ orúkọ tí òkun ti mú wá. A rì ìyá náà bọmi ní ọjọ́ 5 oṣù February, 1848, a sì sọ ọ́ ní Hannah, ìyá Samuel. Orúkọ Bíbélì náà bá a mu púpọ̀. Síbẹ̀, nínú gbogbo orúkọ tí ọmọ rẹ̀ jẹ́, Àjàyí nìkan ni ó jẹ́ ẹ̀rí ìkúnlẹ̀ rẹ̀.

Ṣé orúkọ kèfèrí ni?

Àwọn ọmọ ìjọ kan yóò béèrè pé, ǹjẹ́ ó tọ́ kí Kristẹni fi Àjàyí ṣe orúkọ ìrìbọmi? Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láàrin wa. James Johnson, tí ó ṣe àlùfáà ìjọ St. Paul ní Breadfruit, Èkó, tí a sì yà sí mímọ́ ní igbákejì Bíṣọ́ọ̀bù ní 1900, tẹnumọ́ ọn pé ìrìbọmi kò sọ wá di Gẹ̀ẹ́sì, àti pé ó yẹ kí a máa fi orúkọ Yorùbá pe àwọn ọmọ wa níbi omi ìrìbọmi. Ní 1894, àlùfáà ìjọ Onítẹ̀bọmi tí a ń pè ní David Brown Vincent bọ́ orúkọ náà sílẹ̀, ó sì di Mojọlá Àgbébí. Àwọn ẹlòmíràn ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

A dúpẹ́ fún iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a rí i pé ìpadàbọ̀ náà ran àbísọ lọ́wọ́, kò ran àmútọ̀runwá lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ yan orúkọ Yorùbá fún ara rẹ̀ tàbí fún ọmọ rẹ̀ lè yan ti ọlá, ti ayọ̀, tàbí ti Olúwa. Kò lè yan Àjàyí, nítorí òfin èkínní tí a ti sọ. Nítorí náà bí ìfẹ́ orúkọ ilẹ̀ wa ti ń pọ̀ sí i ni orúkọ tí ó ní Olú tàbí Ayọ̀ nínú ń pọ̀ sí i, Àjàyí kò sì rí ìpín nínú rẹ̀.

Ní ti ìbéèrè náà, ìdáhùn wa kúrú. Kò sí orúkọ òrìṣà kan nínú Àjàyí, bí ó ti wà nínú Ògúnbíyìí tàbí Ifáyẹmí. Kò jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún ẹnikẹ́ni, kò sì béèrè ètùtù kí ó tó jẹ́ òtítọ́. Bí a tilẹ̀ ti máa ń bi babaláwo léèrè ọ̀nà ọmọ ní ayé àtijọ́, orúkọ yìí ti dé kí babaláwo tó dé. Ẹ rántí Jékọ́bù, tí a sọ lórúkọ nítorí pé ó di gìgísẹ̀ arákùnrin rẹ̀ mú bí ó ti ń jáde láti inú ìyá rẹ̀. Ẹ rántí Pérésì pẹ̀lú, tí agbẹ̀bí ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí ó di orúkọ rẹ̀. Àmútọ̀runwá ni àwọn méjèèjì, bí a bá fi ojú Yorùbá wò wọ́n.

Ohun tí ó kù fún wa láti ṣe

Bí Àjàyí kò bá ṣeé yàn, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà láti pa á mọ́, òun náà ni kí a béèrè. Kí àwọn òbí bi agbẹ̀bí tàbí nọ́ọ̀sì léèrè ní ọjọ́ ìbí gan-an pé, báwo ni ọmọ ti dé? Kí wọ́n má ṣe béèrè pé ṣé ó kọjú sí ibùsùn, nítorí ohun tí a ti sọ nípa ibùsùn. Kí wọ́n béèrè pé, ojú rẹ̀ kọ sí ikùn ìyá ni tàbí sí ẹ̀yìn ìyá? Ẹni tí ó gba ọmọ náà mọ ìdáhùn, bí a bá tètè bi í. Bí ìyá àgbà bá wà nílé, kí a sọ ọ́ fún un, òun ni yóò sì sọ orúkọ tí ó jẹ́.

Lẹ́yìn èyí, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ nínú Bíbélì ìdílé, kí a sì mú un wá fún àlùfáà kí ó wọ inú ìwé ìrìbọmi. Kò dí orúkọ mìíràn lọ́wọ́. Ọmọ lè jẹ́ Olúwaṣeun, kí ó jẹ́ Samuel, kí ó sì jẹ́ Àjàyí. Bí orúkọ ìdílé rẹ̀ bá sì jẹ́ Àjàyí tẹ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ó di méjì. Ọ̀kan ni ti bàbá bàbá rẹ̀, èkejì ni tirẹ̀.

Àwọn olùkọ́ pẹ̀lú ní iṣẹ́ tiwọn. Kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìyàtọ̀ láàrin orúkọ tí a jogún àti orúkọ tí a mú wá, kí wọ́n sì máa rán wọn padà sílé láti bi àwọn ìyá wọn bí a ti bí wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá náà ṣì rántí. Àwọn tí ó mọ̀ ń dínkù ní ọdọọdún, ohun tí a kò bá sì bi wọ́n nígbà tí wọ́n wà láàyè, kò sí ìwé kan tí a óò ti tún rí i kà.